Bí Ọdẹlẹ́yẹ Ṣe Kí Ọ̀gá Ìlú Ìdúró, tí Òjìji Rẹ̀ Kò Dìde

Ẹ̀yin tí ẹ pagbo yí mi ká, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kó tètè mumi, ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe kó hú u tán, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ìtàn yìí gbà mọ́ mi lẹ́nu. Èmi Ọdẹ́yínká, tí ẹfọ̀n ń yà fún lójú ọ̀nà nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, mo ti pa ẹranko kan tó béèrè orúkọ mi kó tó kú. Ìwọ Ṣàngódèyí, má rẹ́rìn-ín, mo rí ọ. Mo ti bá iwin pín iṣu sísun jẹ, ó sì jẹ́ kí n mú ibi tó jinná. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọdẹlẹ́yẹ ni, ọdẹ tó rìnrìn-àjò kékeré lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, tí ó sì há síbẹ̀.

Abúlé Ìdí-Emi ni Ọdẹlẹ́yẹ ń gbé. Òun àti Òjélàdé dàgbà pọ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ wọ́n nílà, wọ́n jọ sunkún, wọ́n sì jọ jẹ ẹran adìyẹ tí wọ́n fi bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n gòkè àgbà, Ọdẹlẹ́yẹ gbé ìbọn. Òjélàdé kò bìkítà fún ìbọn. Ojú ìyá rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, tó fi di pé ìyá náà ń fi ọwọ́ wá ojú ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ohun tí Òjélàdé sì fẹ́ mọ̀ láyé kò ju ohun tí wọ́n fi ń wo ojú sàn. Wọ́n sọ fún un pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n bí àwọn iwin Ìlú Ìdúró, tó wà lódìkejì òkun. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó ṣe, ẹyẹ àlùkò kan bà sórí òrùlé Ọdẹlẹ́yẹ, ó la ẹnu, ó ní: "Òjélàdé ní kí o wá kí òun. Ó ní ẹ̀kọ́ ń wọ òun lórí, oúnjẹ ibẹ̀ ni kò wọ òun lọ́fun. Ó ní tí o bá ń bọ̀, kí o mú àádùn dání."

Inú Ọdẹlẹ́yẹ dùn. Ìyàwó rẹ̀, Àṣàbí, ni inú rẹ̀ kò dùn. Oyún wà nínú Àṣàbí, oyún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń retí, ó sì ti wọ oṣù ìbí rẹ̀.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ni Àṣàbí wí, "o rí bí mo ṣe rí yìí, òkè òkun lo ń lọ?"

"Kí n kàn fojú kàn án ni. Kí n gbé àádùn fún un, kí a rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí n máa bọ̀."

"Ọmọ yìí kò ní dúró dè ọ́ o. Nílé yín, bàbá ọmọ ló ń fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ta ni kí n bẹ̀?"

"Àṣàbí, èmi náà ni yóò fi tọ́ ọ lẹ́nu. Kí ọmọ náà tó sún láti bọ̀, mo ti dé."

Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò àádùn, ó jáde. Mi ò ní fi ọ̀nà dá yín dúró. Ó la Igbó Elétí kọjá, níbi tí àwọn igi ti ní etí bí ti màlúù, tí wọ́n ń gbọ́ ohun tí èèyàn ń rò, tí wọ́n sì ń fi sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Wọ́n ń wí pé: "Ó ń rò pé òun kò bẹ̀rù o." Èkejì a ní: "Ẹ gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù." Ìtìjú ló lé e jáde nínú igbó náà, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Bó ṣe dé etí òkun, ẹ̀yìn ọ̀nì ńlá kan ló gùn sọdá, ọ̀nì náà sì ń ráhùn ìbàdí dídùn láti etí òkun kan títí dé ìkejì.

Oníbodè Ìlú Ìdúró ní orí mẹ́ta lọ́rùn kan. Orí kìíní ló ń béèrè ọ̀rọ̀, orí kejì ni kì í gbà á gbọ́, ìkẹta ń jẹ obì.

Orí kìíní ní: "Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá kí ọ̀rẹ́ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbí ni, sà."

Orí kejì ní: "Irọ́ ni."

"Ìgbà wo lo máa lọ?"

"Mi ò ní pẹ́ rárá."

"Irọ́ ni."

"Ta lo fi sílé?"

"Ìyàwó mi, tó wà nínú oyún."

Orí kejì ya ẹnu, ó wo Ọdẹlẹ́yẹ láti òkè dé ilẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Ìgbà náà ni orí kẹta gbé obì mì, tó ní: "Dá mi lóhùn. Kí ni àlejò máa ń gbé wọ ìlú tí kò sí nínú àpò rẹ̀, tí oníbodè kò sì lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ọdẹlẹ́yẹ ronú títí. Ó ní: "Ebi ni, sà."

Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ebi. Ṣùgbọ́n wọlé. Bí o bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, à bá kìlọ̀ fún ọ. Àwọn tó wá kí èèyàn lásán kì í pẹ́, a kì í fi ìkìlọ̀ ṣòfò lórí wọn."

Ohun tí Ọdẹlẹ́yẹ rí nínú ìlú yẹn yà á lẹ́nu. Ìdúró ni gbogbo wọn wà. Kò sí àga, kò sí ẹní, kò sí ibùsùn. Wọ́n ń jẹun lórí ìdúró, wọ́n ń fara ti òpó sùn. Oòrùn ibẹ̀ náà dúró ni, ó so rọ̀ sí agbedeméjì ọ̀run díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kì í lọ, kì í bọ̀. Wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ alẹ́. Iwin kì í sì í dàgbà níbẹ̀. Ojú gbogbo wọn jọ̀lọ̀ bí ojú ọmọ tuntun, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ara wọn, wọ́n á fi ọwọ́ kan etí ara wọn, ó parí.

Òjélàdé sáré pàdé rẹ̀ níwájú ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n dì mọ́ra.

"Ọdẹ! Ikùn ti yọ o! Àṣàbí ń tọ́jú rẹ."

"Ìwọ lo gbẹ bí igi ìdáná. Gba àádùn rẹ kó má baà bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n bá àwọn wò ọ́ dáadáa."

Òjélàdé la ẹnu láti sọ ohun tó yẹ kó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà yọ sí wọn lójijì. Ó ga bí ọ̀pẹ, aṣọ rẹ̀ ń tàn, gbogbo ará ìlú sì ń yà fún un. Ẹ̀yin ará mi, kí ni ọmọ Ìdí-Emi tí wọ́n kọ́ dáadáa máa ṣe? Ọdẹlẹ́yẹ ṣí fìlà, ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọdẹlẹ́yẹ, rárá!" ni Òjélàdé ké. Àyà ti kan ilẹ̀.

Ọ̀gá wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó yọ̀ ṣubú. Ọdẹlẹ́yẹ ń retí kí ó ní "dìde," kò gbọ́ ọ. Ó retí àdúrà, kò gbọ́ ọ. Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ni ọkùnrin náà bá dá ara rẹ̀ dìde, ó ń gbọn iyanrìn kúrò láyà. Ó rí i pé ara òun fúyẹ́ lọ́nà tí kò dára. Nígbà tó wo ilẹ̀, òjìji rẹ̀ ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, apá nínà, iwájú orí nínú iyanrìn.

Òjélàdé ká ọwọ́ lórí. "Mo ti fẹ́ sọ fún ọ. Ilẹ̀ ìlú yìí kì í jẹ́ kí òjìji ẹni tó bá wólẹ̀ fún èèyàn dìde, àfi tí ẹni tí wọ́n wólẹ̀ fún bá gbé e dìde. Àwọn iwin kò sì mọ èsì ìkíni bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí àgbà láàárín wọn."

Ìgbà náà ni ìbéèrè orí kẹta yé Ọdẹlẹ́yẹ. Ìkíni ilé rẹ̀ ni ohun tó gbé wọ ìlú. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

"Kò burú," ló wí. "Mo ti rí ọ, o ti rí mi. Òjìji kì í ṣe ẹsẹ̀. Mò ń lọ sílé."

Ó kọjú sí bodè. Kò tíì kan odi ìlú tí nǹkan fi fà á lẹ́yìn bí ìgbà tí okùn bá tán lọ́rùn ewúrẹ́. Ó ṣubú sẹ́yìn. Ó tún dìde, ó sáré, okùn tí kò rí náà tún gbé e lulẹ̀. Ó yọ àdá tó fi há ìbàdí, ó padà sí ibi tí òjìji wà, ó fẹ́ gé e kúrò nílẹ̀. Bí àdá ṣe kan apá òjìji, ẹ̀jẹ̀ yọ ní apá òun fúnra rẹ̀. Ó ju àdá nù. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti bọ́ lẹ́nu pàkúté tó mú erin rí, mo sì fi tayọ̀tayọ̀ sọ ọ́ níbikíbi. Ṣùgbọ́n pàkúté tó jẹ́ pé ara èèyàn ni wọ́n fi ṣe é, mi ò mọ bí n ṣe lè bọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù fún yín: àwọn ará ìlú náà ṣèèyàn. Wọn kò dè é, wọn kò lù ú. Wọ́n fún un ní yàrá tó ní òpó dídán láti fara tì sùn. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún un, oúnjẹ tí kò ní iyọ̀. Wọ́n ṣe ọgbà yí òjìji rẹ̀ ká kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń gbá àyíká rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé rẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ kan an létí, wọ́n á ní: "Ṣé ara ń bẹ? Ìlú wa dára, àbí?" Kò sí ẹni tó lè bá jà. Ó máa ń lọ dúró níbi tí okùn bá tán, kí ó máa wo òkun lókèèrè.

Ibẹ̀ ló ti pàdé Dúródọlá. Àgbà obìnrin ni, aró ló ń tà nígbà kan, ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti parí ẹ̀kọ́, ó ti lọ sílé. Dúródọlá ló kù.

"Ìwọ ni ẹni tuntun tó dọ̀bálẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Èmi kúnlẹ̀ ni. Òjìji mi wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, lórí orúnkún méjèèjì. Ọ̀gá kan náà ni mo kí."

"Mà, ẹ ti pẹ́ níbí?"

"Ta ló máa mọ̀, nínú ìlú tí oòrùn kì í wọ̀? Eyín mi pé nígbà tí mo dé." Ó ya ẹnu fún un. "Mo rí àwọn àlejò láti ilẹ̀ mìíràn. Wọ́n á wọlé, wọ́n á juwọ́ síra wọn, wọ́n á jáde lọ. Àwa tí ìyá wa kọ́ dáadáa nìkan ni ilẹ̀ yìí ń mú. Èmi ti ṣíwọ́ wíwo òkun. Ojú ń ta mí."

Ọ̀rọ̀ náà ba Ọdẹlẹ́yẹ lẹ́rù ju ìbọn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wo ara rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti kan àyà. Ìbọn rẹ̀ ti dípẹtà. Àádùn tó kù nínú àpò ti hu irun. Ó ń bi ara rẹ̀ pé: Ṣé Àṣàbí ti bí? Ta ló fi oyin tọ́ ọmọ mi lẹ́nu?

Ó mú ọkàn le, ó lọ bá Ọ̀gá. Òjélàdé tẹ̀ lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí, "ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ lẹ́nu yín. Ẹ kàn sọ pé, 'Dìde, ọmọ mi.'"

Ọ̀gá ní: "Bí mo bá sọ ọ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ ó ti gbà pé ẹ jẹ́ bàbá fún mi."

"Kí ni bàbá máa ń ṣe?"

Ọdẹlẹ́yẹ kì í parọ́ fún àgbà. "Bí ebi bá ń pa mí, yóò kàn án. Bí mo bá wà nínú ìyọnu, kò ní lè sùn. Yóò máa darúgbó bí mo ṣe ń dàgbà."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìbẹ̀rù hàn lójú dídán yẹn. "Ó wúwo," ni Ọ̀gá wí. "Láti ìgbà tí ayé ti wà, mi ò wúwo bẹ́ẹ̀ rí. Máa gbé ibí. Èmi yóò máa bọ́ ọ títí láé, ìyẹn rọrùn fún mi." Ó kan an létí, ó lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹyẹ àlùkò tún dé, ó bà sórí ọgbà òjìji. Ó ní: "Ọdẹlẹ́yẹ, Àṣàbí ní kí n bi ọ́ bóyá o ti kú. Ó ní tí o bá ti kú, kí òun mọ ohun tí òun ó máa sọ fún ọmọ." Ọdẹlẹ́yẹ jókòó nílẹ̀ láàárín ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó, ó sunkún bí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ nílà.

Òjélàdé dúró tì í. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti parí. Ìgò oògùn ojú wà lápò rẹ̀, ó sì ti múra àtilọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wá, òun ni Ọ̀gá fẹ́ràn jù, nítorí òun nìkan ló ń béèrè ìdí nǹkan. Láti ọjọ́ tó ti dé, etí ló ń fi ọwọ́ kàn láti kí wọn, kò fi àyà kan ilẹ̀ ìlú náà rí.

"Gba oògùn yìí dání," ló wí fún Ọdẹlẹ́yẹ.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Èmi ni mo pè ọ́ wá jẹ ìyà."

"Òjélàdé, má ṣe ẹ̀! Ìyá rẹ ńkọ́?"

Kò gbọ́. Ó wọ inú ilé ẹ̀kọ́ lọ níbi tí Ọ̀gá ti ń kọ́ni, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

"Kí lo ṣe yìí?" ni Ọ̀gá kígbe. "Ìwọ tí mo kọ́! Ta ni yóò gbé ìmọ̀ mi jáde? Dìde fúnra rẹ, kí n tó bínú!"

"Mo ti kí yín, sà. Mi ò lè kí yín tán kí n tún dá ara mi lóhùn. Mò ń dúró de èsì."

Ẹ rí i, ẹ̀yin ará, níbẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí àwọn méjì yòókù. Wọ́n ti dá ara wọn dìde. Òun kò dìde. Nígbà tí Ọdẹlẹ́yẹ rí i, ó sáré padà sínú ọgbà, ó na ara rẹ̀ lé òjìji rẹ̀ lórí, ọwọ́ lórí ọwọ́, orí lórí orí. Dúródọlá gbọ́, ó ń rojọ́ orúnkún lọ, ṣùgbọ́n ó lọ, ó kúnlẹ̀ sórí tirẹ̀. Iṣẹ́ dúró nínú ìlú. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jẹ. Ọ̀gá jáde, ó wọlé, ó tún jáde. Ó ń yí wọn po. Ó bẹ̀ wọ́n, ó halẹ̀ mọ́ wọn. Ohùn kan náà ló ń gbọ́ láti ilẹ̀: "À ń retí yín, sà."

Nígbà tó yá, Ọ̀gá dúró lórí Òjélàdé. Ó tẹ̀ díẹ̀. Egungun ẹ̀yìn tí kò tẹ̀ rí ró gbàù bí ẹ̀ka tó ya. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ náà.

"Dìde," ló wí. "Dìde, ọmọ mi. Wàá dàgbà. Ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ."

Ó lọ bá Dúródọlá, ó gbé e dìde. Ó wá bá Ọdẹlẹ́yẹ, ó gbé e dìde. Òjìji mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò sókè, wọ́n wọnú ẹsẹ̀ àwọn tó ni wọ́n. Nígbà tí Ọdẹlẹ́yẹ fi máa gbójú sókè, irùngbọ̀n funfun ti bo àgbọ̀n Ọ̀gá, ojú jíjọ̀lọ̀ yẹn ti hunjọ, ó sì ń wá ohun tí òun lè fara tì. Òjélàdé fún un ní èjìká. Òkè ọ̀run mì, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀. Gbogbo iwin ìlú náà dúró, wọ́n ń na ìka sí i.

"Jẹ́ ká lọ," ni Ọdẹlẹ́yẹ wí.

Òjélàdé mi orí. "Kí ìwọ àti Dúródọlá máa lọ. Bá mi fi oògùn sí ojú ìyá mi. Bàbá mi nìyí, wọn kò rí alẹ́ rí láyé wọn, mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ lónìí. Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, èmi náà ó máa bọ̀."

Wọ́n bá oníbodè lójú oorun, orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń hanrun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn òkun, Dúródọlá yà sí ọ̀nà ìlú rẹ̀. Ọdẹlẹ́yẹ sáré títí ó fi wọ Ìdí-Emi. Ilé ìyá Òjélàdé ló kọ́kọ́ kàn, ó sì mú sùúrù kán oògùn sí i lójú. Ìyá ṣẹ́jú, ṣẹ́jú, ó wò ó. "Irùngbọ̀n rẹ pọ̀ o," ni ìyá wí. "Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀, mà. Ara rẹ̀ le."

"Ó dáa. Máa lọ sílé rẹ, wọ́n ń retí rẹ."

Nígbà tó dé ojúlé rẹ̀, kò bá Àṣàbí níta. Ọmọbìnrin kékeré kan ló bá níbẹ̀, tó ń fi ìyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín. Àyà Ọdẹlẹ́yẹ já, nítorí iwájú orí òun gan-an ló rí lára ọmọ náà. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rí àlejò onírùngbọ̀n tí kò mọ̀ rí. Wọ́n ti kọ́ ọ dáadáa. Ó gbé ìkarahun sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, sà."

Orúnkún rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ dáadáa. Ọdẹlẹ́yẹ ti ju ìbọn nù, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè: "Dìde! Dìde, ọmọ mi, dìde!"

Ó kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí Àṣàbí fi sáré jáde láti ilé ìdáná.

Ọmọ tó kúnlẹ̀ yẹn ń jẹ́ Ọdẹ́bùnmi. Òun ló bí mi. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá kí i láàárọ̀, kí àyà mi tó kan ilẹ̀ ló ti máa ń ní kí n dìde. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìtàn tí mo sọ fún yín yìí ló sì fi dá mi lóhùn.